Ṣé MNA-SF tí mo túmọ̀ sí Yorùbá ti ṣeé lò fáwọn àgbàlagbà wa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn alábọ́dé kan lẹ́bàá Ọ̀ṣogbo, mo sì ń ka másítàsì lọ́wọ́. Mo ti túmọ̀ MNA-SF sí Yorùbá, fọ́ọ̀mù tó ní ìbéèrè 6 tí wọ́n fi ń wá àwọn àgbàlagbà tí àìjẹunkánú fẹ́ mú, mo fẹ́ lò ó fáwọn tó ti lé lọ́mọ ọdún 65 ládùúgbò wa. Ọ̀gá mi ní yunifásítì ní àfi kí n kọ́kọ́ dán fọ́ọ̀mù yẹn fúnra rẹ̀ wò. Ṣebí wọ́n ti ṣèyẹn ní Faransé? Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú arúgbó ní England ní fọ́ọ̀mù míì tó ń jẹ́ MUST làwọn ń lò, pé ó rọrùn ju tèmi lọ. Mo tún ń rò ó pé kí n gba ẹ̀jẹ̀ wọn, kí n fi albumin, purotéènì inú ẹ̀jẹ̀, ṣe òdiwọ̀n tí màá fi wé e. Báwo ni kí n ṣe é gan-an?

Ìdáhùn: Ẹ kú akitiyan, nọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ n tètè dáhùn kókó rẹ̀ ká tó máa tú u wò: rárá, kò tíì ṣeé lò, òótọ́ sì lọ̀gá yín sọ. Ìtumọ̀ tí ẹ ṣe yẹn, iṣẹ́ ńlá ni, àmọ́ kò fi hàn pé fọ́ọ̀mù yẹn máa mú ẹni tó yẹ kó mú. Ohun tí wọ́n fi hàn ní Faransé ni pé ó ṣiṣẹ́ lára àwọn àgbà tí wọ́n wò níbẹ̀, lédè tí wọ́n fi bi wọ́n, pẹ̀lú oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ, lọ́wọ́ àwọn tó bi wọ́n. Tiyín, èdè ti yàtọ̀, oúnjẹ ti yàtọ̀, ẹni tó ń béèrè náà ti yàtọ̀, ara àwọn tí ẹ fẹ́ wọ̀n náà lè má rí bákan náà.

Toulouse ní Faransé ni MNA, fọ́ọ̀mù gígùn tí wọ́n gé MNA-SF lára rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀. Yves Guigoz àti Bruno Vellas pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ wọn ló gbé e jáde ní 1994, ìbéèrè 18, máàkì 30. Ẹni tó bá gba 24 lọ sókè, kò séwu. 17 sí 23.5, ó wà nínú ewu. Ẹni tí ò bá tó 17, àìjẹunkánú ti mú un. Nígbà tí wọ́n fi wé àyẹ̀wò táwọn dọ́kítà ṣe, wọ́n ròyìn pé nínú ẹni 100 tó níṣòro, ó ń mú 96, nínú ẹni 100 tí kò níṣòro, ó ń dá 98 sílẹ̀. Ní 2001 Laurence Rubenstein àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gé e kúrú sí ìbéèrè 6, máàkì 14, kó má baà máa gba àkókò jù. Ní 2009 àwọn Kaiser tún un tò: 12 sí 14 dáa, 8 sí 11 wà nínú ewu, 0 sí 7 ti wọ inú àìjẹunkánú, wọ́n sì gbà pé tí BMI (òdiwọ̀n tó ń fi kílò èèyàn wé gíga rẹ̀) ò bá ṣeé rí, kí wọ́n wọn ẹran ẹ̀yìn ojúgun yíká dípò rẹ̀, ẹni tí tiẹ̀ ò bá tó sẹ̀ǹtímítà 31 á gba òdo, ẹni tó bá tó á gba 3.

Níbo ni 31 yẹn ti wá? Ara àwọn tí wọ́n wọ̀n lọ́hùn-ún ni. Nígbà tí wọ́n fẹ́ lo MNA ní Taiwan, Alan Tsai àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ò sọ pé fọ́ọ̀mù náà ò dáa, wọ́n yí òdiwọ̀n BMI àti ti ẹsẹ̀ padà kó bá ara àwọn èèyàn wọn mu, wọ́n wá tún un dánwò lára àwọn àgbà tiwọn. Ohun tí ọ̀gá yín ń béèrè lọ́wọ́ yín náà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín, òótọ́ ni wọ́n sọ, níbi tí wọ́n wà. BAPEN, ẹgbẹ́ kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ aláìsàn, ló gbé MUST jáde ní Britain ní 2003, nǹkan mẹ́ta ló ń wò: BMI, kílò tó jábọ́ láàárín oṣù 3 sí 6 láìjẹ́ pé èèyàn fẹ́ bẹ́ẹ̀, àti àìsàn líle tí kò ní jẹ́ kéèyàn jẹun fún ju ọjọ́ 5 lọ. Nílé ìtọ́jú bíi tiwọn yẹn wọ́n máa ń gbé àwọn arúgbó sórí òṣùwọ̀n déédéé, àkọsílẹ̀ wà, ẹni tó bá wọn kílò 60 lóṣù March tó wá di 55 lóṣù June, wọ́n á rí i lójú ẹsẹ̀, ó lé ní 8%, máàkì 1 nìyẹn. Lọ́dọ̀ tiyín ńkọ́, mélòó nínú àwọn màmá yẹn ló gun òṣùwọ̀n lọ́dún tó kọjá? Tí kò bá sí àkọsílẹ̀ kílò, MUST fẹ́rẹ̀ẹ́ di BMI nìkan sí yín lọ́wọ́, kò sì ní béèrè bóyá oúnjẹ ṣì ń wu èèyàn jẹ, tàbí bóyá ó ṣì ń jáde nílé. Fún àgbà tó wà nínú ilé tirẹ̀ láàárín ìlú, MNA-SF lèmi náà máa mú. Tí ẹ bá fẹ́ èyí tí kò nílò òṣùwọ̀n rárá, SNAQ ti àwọn Wilson àti Morley ní 2005 wà, ìbéèrè 4 péré lórí bí oúnjẹ ṣe ń wu èèyàn, ẹ lè bi wọ́n nígbà kan náà, ẹ ó rí èyí tó mú èèyàn jù.

Ìtumọ̀ yẹn ńkọ́? Ẹ ní ẹ̀yin lẹ ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ bi àwọn tó ni MNA, Nestlé ni, bóyá Yorùbá wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, kí ẹ sì gba àṣẹ. Lẹ́yìn náà ẹ wá ẹnìkan sí i tó máa túmọ̀ ẹ̀ láìrí tiyín, kí ẹni yẹn má ṣe jẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera, torí àwa tá a wà nínú iṣẹ́ yìí, Yorùbá ọsibítù là ń sọ láìmọ̀. Ẹ jókòó fi méjèèjì wéra, ẹ mú ọ̀kan jáde, kí ẹlòmíì tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì rí wá dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí kò bá ti bára mu lẹ máa tún ṣe. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dúró síbẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sínú iṣẹ́ wọn pé àwọn ti ṣe é tán. Wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ lè bára mu délẹ̀ kó má sì yé bàbá tí ẹ ń bi.

Ohun tó kàn ni pé kí ẹ jókòó ti àwọn àgbà bíi mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọkùnrin àtobìnrin, ẹni tó kàwé àtẹni tí kò kà, tí Ìjẹ̀ṣà bá wà nínú wọn ẹ fi wọ́n sí i torí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n á dáhùn, lẹ́yìn náà ẹ wá bi wọ́n pé "Kí lẹ rò pé mò ń béèrè? Kí lẹ rò nínú yín kẹ́ ẹ tó dáhùn?" Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ lo àkókò sí jù lọ, ẹ jẹ́ ká mú àwọn ìbéèrè yẹn níkọ̀ọ̀kan.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ bóyá oúnjẹ tí èèyàn ń jẹ ti dínkù láàárín oṣù 3, bóyá torí kò wù ú jẹ, tàbí inú rẹ̀ ò gbà á, tàbí kò lè jẹ ẹ́ lẹ́nu, tàbí kò lè gbé e mì. Ẹ jókòó ti màmá ẹni ọdún 78 kẹ́ ẹ ní "Màmá, ṣé ẹ ń jẹun dáadáa?", ohun tí wọ́n máa sọ ni "A dúpẹ́, Olúwa ń bọ́ wa." Ìdáhùn yẹn ò sọ nǹkan kan nípa oúnjẹ. Àgbà ò ní jókòó síwájú àjèjì kó máa ka ohun tí kò jẹ, pàápàá tí ìyàwó ọmọ bá wà ńtòsí, torí tí wọ́n bá ní oúnjẹ ò tó, ọmọ wọn ni wọ́n bá wí yẹn, wọn ò sì ní bú ọmọ wọn lójú yín láéláé. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ẹ̀yin àtàwọn máa dá wà, kí ẹ wá béèrè ohun tó ṣeé fojú rí: "Lálẹ́ àná, kí lẹ jẹ? Ṣé ẹ jẹ ẹ́ tán? Kó tó di Iléyá, ṣé bó ṣe máa ń kù nínú abọ́ nìyẹn?" Oṣù 3 yẹn náà, ẹ má kà á lóṣù fún wọn, ẹ fi nǹkan tí wọ́n mọ̀ sí i, Iléyá, Kérésì, ìgbà tí iṣu tuntun jáde, ọjọ́ tí wọ́n sìnkú ẹnìkan ládùúgbò. Ẹ kàn rí i pé ohun kan náà ni gbogbo ẹni tó ń bá yín bèèrè ń sọ, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́sọ́nà, kì í ṣe pé kálukú á máa sọ tẹnu ẹ̀.

Ìbéèrè kejì, kílò tó jábọ́, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹni tó bá pàdánù ju kílò 3 gba òdo, kílò 1 sí 3 gba 2, ẹni tí kò pàdánù nǹkan kan gba 3, ẹni tó ní òun ò mọ̀ gba 1. Ó dáa, níbi tí ẹni kan tàbí méjì nínú 100 bá sọ pé àwọn ò mọ̀ kò sí wàhálà, àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹni 80 nínú 100 ni "mi ò mọ̀", gbogbo wọn ti gba 1, ìbéèrè yẹn ò ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ mọ́, ó sì ti gé máàkì 2 kúrò lára àwọn tó ń jẹun dáadáa, ẹni tó yẹ kó gba 13 á gba 11, á bọ́ sínú ewu lórí ìwé nígbà tí ara rẹ̀ le koko. Ẹ béèrè nípa aṣọ: ṣé ìró tí wọ́n ń ró tẹ́lẹ̀ ń yí wọn ká jù báyìí, ṣé ṣòkòtò ti ń já bọ́, ṣé òrùka ń yọ̀ lọ́wọ́, ṣé àwọn tó ti pẹ́ tí wọn ò rí wọn máa ń pariwo pé wọ́n ti rù. Tí ẹ bá fi èyí kún un, fọ́ọ̀mù yẹn ti kúrò ní ti Kaiser, ó ti di èyí tí ẹ tún ṣe, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Èmi á kọ máàkì méjèèjì sílẹ̀, ti ojúlówó àti ti aláṣọ, kí n lè rí èyí tó ṣiṣẹ́ jù nígbẹ̀yìn.

Ìkẹta, ìrìn. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì tàbí àga gba òdo, ẹni tó lè dìde àmọ́ tí kì í jáde gba 1, ẹni tó ń jáde gba 2. Kí ni "jáde" nínú agboolé? Bàbá tó ń rìn láti yàrá ẹ̀ dé abẹ́ igi níwájú ilé, tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ níbẹ̀ látàárọ̀, ṣé ó jáde? Nọ́ọ̀sì kan á ní bẹ́ẹ̀ ni, èkejì á ní rárá. Ẹ mú ọ̀kan, mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ọjà, ibi tó kọjá ojúde, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìkẹrin ń béèrè ìdààmú ọkàn àti àìsàn líle pa pọ̀ láàárín oṣù 3, nǹkan méjì nínú ìbéèrè kan. Àwọn àgbà wa kì í pe àìsàn mọ́ra, "ó rẹ̀ mí díẹ̀ ni" lè jẹ́ ibà ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n dá wọn dúró sí ọsibítù pàápàá. Ẹ ya méjèèjì sọ́tọ̀ lẹ́nu, ẹ bi wọ́n nípa ohun tó ṣẹlẹ̀, ìsìnkú, ọmọ tó rìnrìn àjò, ìṣubú, àbẹ́rẹ́ àti omi tí wọ́n fà sí wọn lára, tí ọ̀kan bá ti wà, òdo.

Ìkarùn-ún, ọ̀rọ̀ ọpọlọ. Ẹ ò lè bi àgbà pé ṣé iyè ẹ̀ ń ra. Fọ́ọ̀mù yẹn rò pé ẹni tó ń kọ ọ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, pé fáìlì wà, pé dọ́kítà ti sọ ọ́. Lọ́dọ̀ yín, fáìlì ò sí. Ẹ̀kọ́ tó wà nílẹ̀ tá a lè fi ṣe é, ní Ìbàdàn ló wà, iṣẹ́ tí Benjamin Osuntokun, Hugh Hendrie àti Kathleen Hall ṣe ní Ìdíkàn láti ọdún 1992, tí wọ́n fi àwọn àgbà Ìbàdàn wé àwọn adúláwọ̀ ní Indianapolis, Amẹ́ríkà. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n lò, CSI-D, ń bi àgbà fúnra ẹ̀, ó sì tún ń bi ẹni tó ń bá a gbé lọ́tọ̀: ṣé ó ń gbàgbé ibi tó kó nǹkan sí, ṣé ó ṣì ń ṣe ohun tó máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ nínú ilé. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ni pé ìdánwò tó dá lórí ìwé kíkà á kàn mú ẹni tí kò lọ sílé ìwé ni, kò ní mú ẹni tó ní àìsàn ìgbàgbé. Ẹ bi ará ilé, lẹ́yìn tí ẹ ti bá àgbà sọ̀rọ̀ tán.

Ẹ dúpẹ́ pé ti kúkúrú lẹ mú o. Nínú èyí tó gùn, wọ́n ń béèrè bóyá èèyàn ń mu wàrà tàbí nǹkan tí wọ́n fi wàrà ṣe lójoojúmọ́, bóyá ó ń jẹ ẹran tàbí ẹja lójoojúmọ́. Ẹ wá dórí pọ̀nmọ́! Màmá á ní àwọn ń jẹ ẹran lójoojúmọ́, pọ̀nmọ́ ni, awọ lásán tí purotéènì inú ẹ̀ ò pé bíi ti ẹran tàbí ẹja, ẹlòmíì á fi ṣáwá kékeré kan jẹ àmàlà, ó ti jẹ ẹja nìyẹn. Iṣẹ́ ọdún kan gbáko ni ìyẹn fúnra ẹ̀.

Ìkẹfà ni ìwọ̀n. Òṣùwọ̀n orí símẹ́ńtì ni o, kì í ṣe orí kápẹ́ẹ̀tì, gèlè àti bàtà kúrò, agbádá kúrò. Ibi tí wàhálà wà ni gíga. Àgbà tí ẹ̀yìn ẹ̀ ti tẹ̀, tí ẹ bá wọ̀n ọ́n lóòró ó ti kúrú, BMI á wá ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ká mú màmá ẹni ọdún 75 kan tó wọn kílò 47. Lóòró wọ́n jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 145, BMI di 22.4. Tí ẹ bá wọ̀n wọ́n láti gìgísẹ̀ dé orúnkún, tó jẹ́ 48, ìṣirò Chumlea ti 1985 fún obìnrin ni 84.88, ẹ yọ 0.24 lọ́nà iye ọdún, ẹ fi 1.83 lọ́nà gíga orúnkún kún un, ó máa fún yín ní nǹkan bíi 154.7, BMI wá di 19.6. Màmá kan náà, kílò kan náà, máàkì ìbéèrè kẹfà yìí ti kúrò ní 2, ó di 1, tẹ́ ẹ bá sì wo òdiwọ̀n tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí, ẹni tí ì bá bọ́ lọ́wọ́ yín ti wọlé. Ara àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n ti yọ ìṣirò yẹn o, ẹ wò ó lára àwọn tí ẹ̀yìn wọn ṣì nàró lọ́dọ̀ yín kí ẹ tó gbára lé e. Ní ti ẹran ẹ̀yìn ojúgun, kí wọ́n jókòó, kí orúnkún tẹ̀ dáadáa, ibi tó tóbi jù lẹ máa wọ̀n, ẹ sì fi ìka tẹ ẹsẹ̀ wò, tí ibẹ̀ bá jìn tí kò tètè padà, omi ló wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ tó wú á sọ ẹni tó rù di ẹni tó sanra lórí ìwé.

Wàyí o, albumin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Mo mọ̀ pé wọ́n kọ́ wa bẹ́ẹ̀ nílé ẹ̀kọ́, mo sì mọ̀ pé ó rọrùn láti bẹ làábù. Àmọ́ ìgbóná ara, kòkòrò àìsàn, ọgbẹ́, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, gbogbo wọn ló ń fa albumin wálẹ̀, ẹni tó ní ibà tó jẹun dáadáa, tiẹ̀ á relẹ̀, ẹni tí ebi ń pa díẹ̀díẹ̀ fún ọdún kan, tiẹ̀ lè dúró. Ní nǹkan bí ọdún 2020 ASPEN, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ aláìsàn ní Amẹ́ríkà, sọ ọ́ gbangba pé kí wọ́n má fi albumin mọ àìjẹunkánú mọ́. Tí ẹ bá fi òdiwọ̀n tó wọ́ dán òdiwọ̀n míì wò, ẹ ò ní mọ èwo nínú méjèèjì ló ń parọ́.

Ohun tí màá fi wé e ni GLIM, èyí táwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ oúnjẹ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè jọ fẹnu kò lé lórí, ó jáde ní 2018 sí 2019. Ó kéré tán, ẹni náà gbọ́dọ̀ ní ohun kan tó hàn lára rẹ̀: kílò tó jábọ́, BMI tó kéré, tàbí ẹran ara tó ti dínkù, pẹ̀lú ohun kan tó fà á: oúnjẹ tó dínkù tàbí tí kò wọ ara, tàbí àìsàn tó ń jó ara. BMI tó kéré níbẹ̀, ẹni tí kò tíì pé 70, kó máà tó 20, ẹni 70 lọ sókè, kó máà tó 22, àwọn ará Éṣíà ní tiwọn lọ́tọ̀. Kí dayẹtíṣàn (onímọ̀ oúnjẹ) tó mọṣẹ́ ló ṣe é, kó má sì mọ máàkì tí ẹ̀yin fún ẹni náà, kí ẹ̀yin náà má mọ tiẹ̀, kí méjèèjì wáyé láàárín ọjọ́ díẹ̀ síra.

Ìkìlọ̀ méjì níbẹ̀. Nínú ìlànà GLIM, ẹni tí fọ́ọ̀mù bá mú nìkan ni wọ́n ń yẹ̀ wò síwájú. Nínú ìdánwò tiyín, gbogbo èèyàn ni dayẹtíṣàn gbọ́dọ̀ wò, àtẹni tí fọ́ọ̀mù mú àtẹni tó dá sílẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ò ní mọ àwọn tó bọ́ lọ láéláé. Èkejì, BMI àti kílò tó jábọ́ wà nínú MNA-SF, wọ́n tún wà nínú GLIM, dandan ni kí méjèèjì bára mu díẹ̀ torí ohun kan náà ni wọ́n ń wò, ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀ kẹ́ ẹ má fi yangàn. Ẹ fi nǹkan tí kò sí nínú fọ́ọ̀mù kún un: agbára ìkúùkù tí wọ́n fi ẹ̀rọ wọ̀n, gbogbo oúnjẹ tí wọ́n jẹ láàárín wákàtí 24, àti èyí tí mo fẹ́ràn jù, ẹ padà lọ wọ̀n wọ́n lẹ́yìn oṣù 6. Bí àwọn tó ṣe SNAQ ṣe dá tiwọn mọ̀ nìyẹn, ẹni tí máàkì ẹ̀ bá jẹ́ 14 tàbí kó dín, wọ́n wò ó bóyá ó pàdánù ìdá 5 nínú 100 ìwọ̀n ara ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù 6.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní ẹ wo àgbà 200, dayẹtíṣàn ní 40 níṣòro. Fọ́ọ̀mù yín mú 32 nínú 40 yẹn, sensitivity ẹ̀ di 80%. Nínú 160 tó kù, ó dá 120 sílẹ̀, specificity ẹ̀ di 75%. Ẹni tó mú lápapọ̀ wá jẹ́ 72, 32 ló níṣòro lóòótọ́, ìyẹn 44%. Ẹ gbé fọ́ọ̀mù kan náà lọ sí àdúgbò tó jẹ́ pé ẹni 100 nínú 1,000 ló níṣòro, á mú 80, á sì mú ẹni 225 tí kò níṣòro mọ́ wọn, 26% péré ló máa jẹ́ òótọ́. Fọ́ọ̀mù ò yí padà o, àdúgbò ló yí padà. Tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé fọ́ọ̀mù òun "péye", ẹ bi í pé níbo, láàárín àwọn wo.

Ẹ tún wo 80% yẹn dáadáa. 32 nínú 40, òótọ́ rẹ̀ lè wà níbikíbi láàárín nǹkan bíi 65% sí 90%. Tó bá jẹ́ ẹni 10 péré ló níṣòro tí ẹ mú 8, ó lè wà láàárín 49% sí 94%, kò sọ nǹkan kan fún wa. Nítorí náà kì í ṣe iye èèyàn tí ẹ wò lápapọ̀ ló jà jù, iye àwọn tó níṣòro nínú wọn ni, òun lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ ìṣirò yín.

Àwọn 8 tó bọ́ lọ yẹn, ẹ mú fọ́ọ̀mù wọn, ẹ kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí nọ́ńbà tó máa kọ́ yín tó ìyẹn. Ẹ lè rí i pé 5 nínú wọn jẹ́ opó tó ń dá gbé tó ṣì ń lọ sọ́jà lójoojúmọ́, ìrìn fún wọn ní 2, wọ́n ní àwọn ò ṣàìsàn, wọ́n gba 2, wọ́n ní oúnjẹ ò dínkù torí ó ti pẹ́ tó ti kéré, kì í ṣe oṣù 3. Fọ́ọ̀mù yìí ń wá ìyípadà. Ẹni tí ebi ti ń pa láti ọdún mẹ́ta, kò sí ìyípadà kankan níbẹ̀. Lójú tèmi, níbi tí oúnjẹ ti gbówó lórí báyìí, irú wọn ló yẹ kẹ́ ẹ máa wá.

Tí ẹ bá rí i pé máàkì 11 sísàlẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó wà nínú ewu ò dáa, pé 12 sísàlẹ̀ ló máa mú èèyàn jù, ẹ kọ́kọ́ kọ ti 11 sílẹ̀ bó ṣe rí, kẹ́ ẹ tó sọ ti 12, torí òdiwọ̀n tí ẹ yọ lára àwọn kan, ara wọn náà ló ti máa dáa jù. Ẹ wá àwọn míì dán an wò.

Kí ẹni méjì bi àgbà kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹnì kan sì tún padà lọ bi wọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kó má pẹ́ jù kí ara wọn má baà ti yí padà. Ẹ má wo ìdá tó bára mu nìkan. Ká ní nọ́ọ̀sì méjì wo ẹni 100, wọ́n jọ ní 88 ò níṣòro, wọ́n jọ ní 2 níṣòro, 10 tó kù, kálukú mú 5 tí èkejì ò mú. 90 nínú 100 ti bára mu, ó dùn létí, àmọ́ kappa ẹ̀, nọ́ńbà tó ń yọ ìbáramu tó kàn ṣèèṣì wáyé kúrò, jẹ́ nǹkan bíi 0.23, torí níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò ti níṣòro, wọ́n á bára mu bí wọ́n bá tilẹ̀ ń méfò. Ní ti Cronbach alpha, nọ́ńbà tó ń sọ bóyá àwọn ìbéèrè inú fọ́ọ̀mù ń lọ pọ̀, tí wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, tó bá kéré ẹ má jẹ́ kó kó ìpayà bá yín, ìrìn àti BMI àti ìdààmú ọkàn ò ní láti máa lọ pọ̀ bíi pé ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń wọ̀n.

Àwọn wo lẹ máa bi? Kì í ṣe àwọn tó wá sí kílíníìkì nìkan, àwọn yẹn ti lẹ́sẹ̀ tó gbé wọn wá, wọ́n sì ní ẹni tó mú wọn wá. Ẹ lọ sílé dé ilé, ẹ béèrè ẹni tó wà nínú yàrá. Àwọn tí wọ́n ṣe Ibadan Study of Ageing pẹ̀lú Oye Gureje láti 2003 lọ sí ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, inú ilé ni wọ́n bá àwọn àgbà. Ọjọ́ orí náà, ọ̀pọ̀ ò ní ìwé ìbí: ẹ béèrè bóyá wọ́n wà nínú àwọn ọmọ tó wọlé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ ní January 1955, tàbí bí wọ́n ṣe tóbi tó nígbà Òmìnira ní 1960.

Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwádìí, ẹni tí kò lè kọ̀wé á tẹ̀ka lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣàlàyé níwájú ẹlẹ́rìí. Ohun kan ṣoṣo tí mi ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ fò ni ti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ẹ bá rí. Nínú àwọn 200 yẹn ẹ máa bá ẹni tí eyín ń dùn, ẹni tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ń gba adùn oúnjẹ lẹ́nu ẹ̀, ẹni tí kò ní owó ẹ̀wà. Ẹ má kọ máàkì 6 sílẹ̀ kẹ́ ẹ wá dìde. Kó tó di pé ẹ bi ẹni àkọ́kọ́, ẹ ti mọ dayẹtíṣàn tí ẹ máa fi wọ́n ránṣẹ́ sí, ọjọ́ tó máa ń wà ní kílíníìkì, àtẹni tó máa san owó ọkọ̀ wọn débẹ̀.